Fọ́tò wọn dán ju ọjà wọn lọ: ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta coral lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ń kánjú, ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ó lè máa lọ. Ìràwọ̀ kan fún bí wọ́n ṣe di ẹrù, ìkejì torí pé gbogbo ohun tí wọ́n kó ránṣẹ́ dé láàyè. Mẹ́ta tó kù, fọ́tò wọn ló jẹ ẹ́.

Coral ni mo ń sọ o, iyùn ààyè inú òkun tí àwa tó ń sin ẹja máa ń tọ́ sínú táǹkì gíláàsì, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà torí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń dá a, ẹ ṣáà ṣí ìkànnì mélòó kan tí wọ́n ti ń ta coral, ẹ máa rí i pé ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, ẹ̀yìn fọ́tò dúdú kirikiri, coral wá ń kọ mànà láàárín ẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá rí i lára ẹ̀dá alààyè ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé wọ́n ki bátìrì sí i nínú ni.

Mẹ́ta ni mo rà. Acan olórí mẹ́ta kan, Micromussa lordhowensis ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ṣùgbọ́n acan ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, torch kan, ìyẹn coral tó ní ọwọ́ gígùn gígùn, àti zoa kékeré kan, coral wẹ́wẹ́ tó máa ń dà bí òdòdó, tí mo kàn fi kún un kí owó ìfiránṣẹ́ má baà dùn mí jù. Lórí ìkànnì wọn, etí acan yẹn pupa fòò, òrùka gíríìnì yí àárín ẹ̀ ká, torch yẹn wá jẹ́ àwọ̀ góòlù láti ìsàlẹ̀ dókè, orí ọwọ́ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ́pù, ìyẹn elésè àlùkò. Wọ́n tún kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan pé èyí tẹ́ ẹ ń wò yìí gan-an la máa fi ránṣẹ́, kì í ṣe àpẹẹrẹ. Mo gba ìyẹn gbọ́, mo ṣì gbà á gbọ́ di ìsinsìnyí, torí nígbà tó dé mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mo wò ó fínnífínní: orí kan lára acan náà wọ́ sápá òsì, bó ṣe wọ́ nínú fọ́tò náà nìyẹn, àwo kékeré tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, tí wọ́n ń pè ní plug, ti kán létí, ó sì kán síbi kan náà. Coral kan náà ni. Àwọ̀ ẹ̀ nìkan ni ò bá a wá.

Pupa fòò ti di pupa tó ń lọ sí búráùn, àárín ẹ̀ rí bí eérú. Òrùka gíríìnì yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ tínńrín báyìí, tẹ́ ẹ bá gbójú kúrò lára ẹ̀ ẹ máa wá a tì. Torch góòlù wá dé pẹ̀lú búráùn tó fẹ́ máa jọ gíríìnì, orí ọwọ́ ẹ̀ funfun ṣákálá, kò sí pọ́pù kankan níbẹ̀. Zoa nìkan ló jọ fọ́tò ẹ̀, ó jọ ọ́ tán pátápátá, mo sì rò pé mo mọ ìdí ẹ̀ o: òun ló pọ́ọ́kú jù nínú gbogbo ọjà wọn, ta ló fẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà kó máa kun nǹkan tí kò ní mówó gidi wọlé?

Mo kọ̀wé sí wọn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹrù dé láyọ̀, ẹ ṣé gan-an ni. Àmọ́ torch àti acan yìí ò jọ fọ́tò yín rárá, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́ iná wo lẹ ti yà wọ́n?" Ẹni tó dá mi lóhùn níwà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "A dúpẹ́ tẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ ná, ìrìn àjò ló mú àwọ̀ ẹ̀ lọ. Abẹ́ iná òkun la ti máa ń ya fọ́tò wa, bó ṣe máa ń rí níbi tó ti wá nìyẹn." Mo wá bi wọ́n pé iná òkun yẹn, Kelvin mélòó ni (ìyẹn ìwọ̀n àwọ̀ iná, bó bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe ń búlúù tó), ṣé fíltà wà lójú kámẹ́rà, ṣé ẹ tún fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn tẹ́ ẹ yà á tán. Wọ́n fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pa pọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní òdodo, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yẹn kì í ṣe irọ́ pátá. Coral tó ti wà nínú òkùnkùn, nínú ọ̀rá, tí wọ́n ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ọkọ̀, ó máa ń ká ara ẹ̀ kò, ó máa ń ṣì, nígbà míì ó máa ń di búráùn fún ìgbà díẹ̀. Búráùn yẹn náà kì í ṣe àìsàn. Nínú ẹran ara coral ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín kan ń gbé tí wọ́n ń pè ní zooxanthellae, àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ tí wọ́n sì ń bá onílé jẹ ẹ́, àwọ̀ tiwọn gan-an ni búráùn, bí nitrate àti phosphate, èròjà tó máa ń jáde látinú oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja, bá ti pọ̀ nínú omi tàbí iná kéré, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á sì bo àwọ̀ yòókù mọ́lẹ̀. Torí náà mo ní sùúrù. Mo gbé wọn sísàlẹ̀ táǹkì níbi tí iná ò ti le, mo ń gbé wọn sókè díẹ̀díẹ̀, mo yẹ omi wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Wọ́n là dáadáa, acan ń jẹun lálẹ́, ó ń yọ ọwọ́ wẹẹrẹ síta. Òrùka gíríìnì yẹn náà túbọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n góòlù tí wọ́n sọ, kò dé, kò sì ní dé, torí kò sí níbẹ̀ látilẹ̀wá.

Ibi tọ́rọ̀ wá ti dùn nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á torí ìmọ́lẹ̀ gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. Iná LED tí wọ́n fi ń tọ́ coral, búlúù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, láàárín bíi 420 sí 460 nánómítà, ìyẹn ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lásán ò jìnnà sí 6,500 Kelvin, àmọ́ iná táǹkì coral máa ń tó 14,000 tàbí 20,000, ìyẹn ni pé gbogbo nǹkan á rí búlúù ni. Lára coral púpọ̀ wá ni àwọn pùrótéènì kan wà tó jẹ́ pé tí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá bà wọ́n, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á wá tú ìmọ́lẹ̀ míì jáde, gíríìnì, ọ́réńjì tàbí pupa. Àwọn náà ló ń tàn yẹn. Ìdílé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú pùrótéènì gíríìnì tí Osamu Shimomura kọ́kọ́ yọ jáde lára jellyfish, ẹ̀dá inú òkun kan tí ara ẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́, ní 1962, èyí tí òun, Martin Chalfie àti Roger Tsien torí ẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Èyí tó pupa nínú wọn, tí àwọn onímọ̀ ń lò káàkiri, ara Discosoma ni wọ́n ti rí i, ìyẹn irú coral pẹlẹbẹ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù coral ń tà lórúkọ mushroom. Ohun tí mo ń sọ ni pé títàn yẹn kì í ṣe ìdán, kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹ pa iná funfun, ẹ tan búlúù nìkan, ojú yín á rí i.

Àmọ́ kámẹ́rà ò rí i bí ojú ṣe ń rí i. Fóònù á gbìyànjú láti tún àwọ̀ ṣe fúnra ẹ̀, kò ní lè ṣe é, gbogbo fọ́tò á wá di búlúù kan gbọọrọ bí ìgbà tí wọ́n da aró aṣọ sí i. Kámẹ́rà gidi gan-an, púpọ̀ nínú wọn, 10,000 Kelvin ni wọ́n lè tún àwọ̀ ṣe dé. Torí ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe máa ń fi fíltà ọ́réńjì tàbí yẹ́lò sójú kámẹ́rà kó lè dí búlúù tó pọ̀ jù, kí títàn coral lè hàn. Ẹni tó bá fi í síbẹ̀ kí fọ́tò ẹ̀ lè sún mọ́ ohun tí ojú òun rí, mi ò ní bá a jà, kódà mo máa yìn ín. Ẹni tí mo ń bá jà ni ẹni tó fi fíltà tó nípọn dí búlúù pátápátá, tó wá jẹ́ pé títàn nìkan ló kù nínú fọ́tò, gbogbo nǹkan yòókù dúdú, tó tún wá gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà lọ fa bọ́tìnnì àwọ̀ dé ìparí, tó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí gan-an lẹ máa gbà.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Mo ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo pa gbogbo iná funfun táǹkì mi, mo fi búlúù nìkan sílẹ̀, mo fi fíltà ọ́réńjì sójú fóònù mi mo sì ya torch yẹn. Búráùn ẹ̀ di yẹ́lò díẹ̀, ó ti ń jọ nǹkan díẹ̀. Mo wá ṣí ibi tí wọ́n ti ń ẹ́díìtì fọ́tò tó wà nínú fóònù fúnra ẹ̀, kì í ṣe ápù olówó kankan, mo fa bọ́tìnnì tó ń mú àwọ̀ le sí i síwájú títí tó fi kọ̀ láti lọ mọ́, góòlù yọ. Mo wá yí àwọ̀ fúnra ẹ̀ díẹ̀, tínńrín báyìí, sápá ọ̀tún, orí ọwọ́ funfun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í di pọ́pù. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tiwọn, mo pe èèyàn tó wà nínú ilé kó wá wò ó, mo ní èwo ni tèmi, ó tọ́ka sí tiwọn.

Látìgbà yẹn mi ò lè wo fọ́tò coral kankan mọ́ kí n máà kọ́kọ́ wo ohun tó wà nídìí ẹ̀. Ẹ wo plug. Òkúta sẹ̀rámíìkì ni, funfun tàbí eérú ni àwọ̀ ẹ̀, lábẹ́ iná búlúù ó yẹ kó rí búlúù. Tó bá wá dúdú kirikiri nígbà tí coral ń tàn lórí ẹ̀, fíltà tó nípọn ti wà níbẹ̀ tàbí ẹnì kan ti fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn fọ́tò náà rẹ́. Tí plug bá wá funfun bí bébà, tí coral tún ń tàn bí iná pátákó, ìyẹn gan-an ló burú jù, torí ìmọ́lẹ̀ tó fún plug ní funfun yẹn ti tó láti bo títàn coral mọ́lẹ̀, méjèèjì kì í sábà wáyé pọ̀, ẹnì kan ló gé coral nìkan jáde kó tó kùn ún. Ẹ wo ewéko omi tí wọ́n ń pè ní algae, tó máa ń hù sétí plug náà, lábẹ́ búlúù pẹ̀lú fíltà ó máa ń tàn pupa, torí nǹkan tó wà nínú ewé tó ń jẹ́ chlorophyll, pupa ló ń tú jáde. Tẹ́ ẹ bá rí i tó di píńkì tàbí pọ́pù, àwọ̀ ti yí nìyẹn, gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò ló sì bá a yí. Tí ọwọ́ ẹni tó ń ta á bá wà nínú fọ́tò, ẹ wo èékánná ẹ̀, kò sí ohun tó ń sọ òótọ́ bí ìyẹn.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mo fi mọ ti acan yẹn, ara coral fúnra ẹ̀ ni. Ara acan máa ń hun jọ, ó ní ìlà, ó ní kókó wẹ́wẹ́ tó ń wú sókè, lórí èyí tó wà nínú táǹkì mi báyìí mo lè ka gbogbo ẹ̀. Nínú fọ́tò wọn, etí pupa yẹn mọ́lẹ̀ pẹẹrẹ ni, pupa kan ṣoṣo, kò sí ìlà, kò sí kókó, kò sí òjìji. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá fa àwọ̀ kọjá ibi tí fọ́tò lè gbé e dé, gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín pupa kan àti pupa kejì á kú, á wá kù pupa àgbà kan. Ẹ fi ìka méjì fa fọ́tò náà tóbi, ẹ máa rí i.

Nǹkan míì tún ni pé kì í ṣe gbogbo àwọ̀ coral ló ń tàn. Pọ́pù àti búlúù tó wà lára acropora púpọ̀, coral tó máa ń yọ ẹ̀ka bí igi, wọ́n kàn ń gba ìmọ́lẹ̀ ni, wọn kì í tú nǹkan jáde, lábẹ́ búlúù nìkan wọ́n á ṣókùnkùn. Ìkànnì wọn kún fún acropora tí pọ́pù àti gíríìnì ẹ̀ ń tàn bákan náà nínú fọ́tò kan náà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Wọ́n ṣe ìlérí kan, ìyẹn ni pé bí coral bá kú lójú ọ̀nà wọ́n á dá owó padà, kẹ́ ẹ ṣáà ti ya á nínú ọ̀rá láìtú u láàárín wákàtí díẹ̀ tó dé. Ó dáa, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré, wọ́n kọ ọ́ pé àwọ̀ lè yàtọ̀ nítorí iná táǹkì yín. Ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ òótọ́ ni, àwọ̀ máa ń yàtọ̀. Ibi tó ti ń bí mi nínú ni pé wọ́n fi òótọ́ yẹn bo nǹkan tí kò kan iná mi rárá, kò sí iná kankan láyé yìí tó máa fún torch mi ní orí pọ́pù. Ọ̀rọ̀ "bó ṣe rí nínú òkun" yẹn náà bẹ́ẹ̀ ni. Lóòótọ́ omi òkun máa ń kọ́kọ́ gba pupa kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, béèyàn bá ti ń jìn lọ búlúù ló máa ń kù jù. Ṣùgbọ́n òkun ò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fa àwọ̀ o jàre.

Ẹ má sì rò pé owó mi nìkan ló ń dùn mí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó ra góòlù tó wá gba búráùn, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Á gbà pé òun ni ò mọ̀ ọ́n tọ́. Á gbé iná sókè, á gbé coral lọ sókè táǹkì níbi tí iná ti ń jó o, á máa da oríṣiríṣi oògùn sómi, títí coral á fi lé zooxanthellae ara ẹ̀ jáde, á funfun, ebi á sì pa á kú. Nígbà míì funfun yẹn gan-an máa ń kọ́kọ́ rẹwà lójú ẹni tí ò mọ̀, ó máa ń rí píńkì díẹ̀, yẹ́lò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, onítọ̀hún á wá máa yọ̀ pé ó ti ń padà bọ̀ sí ti fọ́tò. Coral òkúta, ìyẹn èyí tí egungun ẹ̀ le bí òkúta, wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko inú igbó àti òkun, Àfikún Kejì, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń gbé e kọjá ibodè, ẹ̀dá tó pẹ́ kó tó dàgbà ni, kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó kú nínú táǹkì ẹnì kan torí pé ẹlòmíì fa bọ́tìnnì. Ó tún ń pa àwọn olóòótọ́ lára, torí ẹni tó ya coral ẹ̀ bó ṣe rí, ọjà ẹ̀ á dà bí ohun tó ti ṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn tó ń kùn ún, kọ́sítọ́mà á sì fò ó kọjá.

Ohun tó dáa lọ́dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa torí ó tọ́ sí wọn. Ọ̀rá méjì méjì ni wọ́n fi di coral kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi fóòmù tẹ́ páálí láti ìsàlẹ̀ dókè, ohun tó ń mú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wà níbẹ̀ tó ṣì ń gbóná nígbà tí mo ṣí i, omi ò jò rárá. Kò sí kòkòrò kankan lára ohun tí wọ́n kó wá, mo ti rì wọ́n sínú oògùn kí n tó gbé wọn wọ táǹkì, nǹkan kan ò já bọ́. Àwọn tó ń tọ́ coral níbẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ń ya fọ́tò ló ń bà wọ́n jẹ́, tàbí ẹni tó ń sọ fún un bó ṣe máa yà á.

Kò sì le láti tún un ṣe. Fọ́tò méjì fún coral kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lábẹ́ búlúù kí ẹni tó fẹ́ràn títàn lè rí i, ọ̀kan lábẹ́ iná tó funfun díẹ̀, bíi 10,000 sí 14,000 Kelvin, kí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ irú iná tó jẹ́ àti pé ṣé fíltà wà. Kí wọ́n gbé káàdì funfun kan síwájú kámẹ́rà kí wọ́n fi tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe kí wọ́n tó yà á, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Rúlà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà kò ní burú, torí mi ò tíì sọ ti ìwọ̀n, torch tó kún ojú fóònù mi yẹn ò ju orí àtàǹpàkò lọ nígbà tó ká ara ẹ̀ kò nínú ọ̀rá.

Mo tún padà rà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ìyẹn o, zoa ni, ó sì tún jọ fọ́tò ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra torch, acan tàbí acropora níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ya fídíò kékeré lábẹ́ iná funfun, kí ọwọ́ èèyàn wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá ní iná òkun nìkan làwọn ní, ẹ mú owó yín sápò.